Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí pápá ìṣeré ilé ìwé wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí nílé ìwé girama kan n'Íbàdàn, pápá wa sì ń kó ìrònú bá mi. Bí òjò bá ti rọ̀ lóru, iwájú góòlù á di ẹrẹ̀. Táwọn ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ilẹ̀ á dì, omi ò ní ráyè wọlé, koríko ò sì ní hù níbẹ̀ mọ́. Nígbà ọyẹ́, ibẹ̀ kan náà á le koko, orúnkún ọmọ tó bá ṣubú á bó yánnayànna.

Mo fẹ́ ra ike tí wọ́n fi ń wọn òjò, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀. Mìlímítà 1 jẹ́ lítà omi 1 lórí mítà 1 níbùú lóròó, nítorí náà mìlímítà 20 kì í ṣe kékeré rárá. Mo ń ka àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, máa ń gbé jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè sọ èyí tó rọ̀ sórí pápá tiwa gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, òjò tó tó mélòó lẹ fi ń sún eré síwájú? Ṣé kí n gbin koríko tuntun lóṣù Karùn-ún ni, àbí kí n dúró de ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù Kẹjọ? Igi máńgòrò pọ̀ lọ́gbà wa. Báwo ni ike tí màá fi wọn òjò náà ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí wọn tó, kí wọ́n má bàa dí òjò lọ́nà?