Bàtà mi tó bá òkun lọ

Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo mú délé lọ́jọ́ náà. Mo to ẹrù mi sórí iyanrìn gbígbẹ, mo ń ṣa ìkarahun kiri. Kí n tó padà, omi ti gba ibẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, òṣùpá yọ roboto, gbogbo etíkun mọ́lẹ̀ kedere. Mo dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀: ìmọ́lẹ̀ yìí ló ń pe omi.

Mo fi òkúta sàmì sí ibi tí omi dé. Lọ́jọ́ kejì mo dúró dè é ní wákàtí kan náà, kò yọjú. Ó fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún pẹ́ sí i. Àṣé bí ayé ṣe ń yí, òṣùpá náà ń rìn lọ, ojoojúmọ́ ni ayé ń lé e bá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òṣùpá ti ku ìlàjì, omi ò sì dé ìdí òkúta mi mọ́. Inú mi dùn, ẹ̀rí mi pé. Ó wá di ọ̀sẹ̀ kejì, òṣùpá ò sí lójú ọ̀run rárá, ni omi bá dé ìdí òkúta, ó tún gbé méjì lọ! Ìmọ́lẹ̀ kọ́, òòfà ni. Bí òṣùpá bá kún, tàbí tí a ò bá rí i, òun, ayé àti oòrùn a tò sórí ìlà kan, oòrùn a sì bá a fa omi. Bó bá di ìlàjì, kálukú ń fà síbi tirẹ̀.

*

Èmi ò sọ bàtà nù bíi ti ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ o. Awò awọ̀nàjíjìn ni mo yá ní tèmi. Mo dúró de òṣùpá àrànmọ́jú kí n lè rí àwọn kòtò rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ṣe ló funfun báláú, kò sí òjìji kankan. Ẹni tó yá mi ní awò ní kí n padà wá lọ́jọ́ ìlàjì. Háà! Níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé, etí kòtò kọ̀ọ̀kan hàn gbangba. Àwọn ibi dúdú tí àwọn awòràwọ̀ àtijọ́ pè ní òkun tún wà níbẹ̀. Àpáta tó yọ́, tó sì tutù, ni wọ́n. Òṣùpá tó ń fa òkun wa kiri, gbígbẹ ni òkun tirẹ̀.

Mo wá ní n ó máa ṣọ́ ọ títí yóò fi yí ẹ̀yìn sí mi. Ẹni náà rẹ́rìn-ín títí. Ojú kan náà ló máa ń kọ sí ayé. Luna 3, ọkọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbalasa òfuurufú, ló kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dún 1959.