Apá ọmọ mi tó ń ju bọ́ọ̀lù: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ baseball kan (eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kí ẹlòmíì fi igi gbá a) nílùú Houston níbí, ẹni tó sì ń kọ́ wọn ti fi bọ́ọ̀lù jíjù jẹun rí kí èjìká rẹ̀ tó dá a dúró. Ó mọ iṣẹ́, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ náà dénú. Àmọ́ òfin Little League, àjọ tó ń rí sí baseball àwọn ọmọdé, ni pé ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù kọjá ìgbà 85 lóòjọ́, àti pé ẹni tó bá jù ú tó ìgbà 66 gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ka 80. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olùkọ́ wọn tún ní kí ọmọ mi wá jù ú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni ọmọ mi fi ń jẹun, ọmọ tí mo ti kọ́ láti kékeré pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ láìtàbùkù sí ìmọ̀ rẹ̀? Àbí kí n kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ná?