Gílóòbù tó ń lù bí àyà èèyàn, kò gba ìka màmá mi

Wáyà Àkúrẹ́:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe nítòsí Ọjà Ọba. Fídíò iṣẹ́ ọnà kan ni mo rí tí ò kúrò lọ́kàn mi, Pulse Room ni wọ́n ń pè é, Rafael Lozano-Hemmer ló ṣe é, Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2006. Gílóòbù bíi 100 sí 300 ló so rọ̀ sókè, tó o bá di ẹ̀rọ yẹn mú á gbọ́ bí àyà ẹ ṣe ń lù, gílóòbù kan á wá máa ṣẹ́jú tẹ̀ lé e, tó o bá sì jọ̀wọ́ ẹ̀, tìẹ á bọ́ sórí ìlà, ti ẹni tó ti pẹ́ jù á kúrò. Mo wá ń ṣe kékeré tèmi ní pálọ̀ wa, gílóòbù 12. Tèmi ń ṣiṣẹ́, ti àbúrò mi náà, àmọ́ tí màmá mi bá fi ìka lé sẹ́nsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ bí àyà ṣe ń lù, á kàn máa ṣẹ́jú wúruwùru, tàbí kó dákẹ́. Wọ́n ní "àbí àyà tèmi ò lù ni?" Ó dùn mí gan-an. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ẹkimọ̀gùn:
Bọ̀ọ̀dá, ṣé sẹ́nsọ̀ tó ń tan iná aláwọ̀ ewé yẹn ni? Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya wọ ìka ló ń mu iná ẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù tó padà ló fi ń mọ̀ pé àyà ti lù. Tí ọwọ́ bá tutù, tàbí tẹ́ ẹ tẹ ìka mọ́ ọn jù, kò ní rí nǹkan kan kà. Ṣé màmá ò lé làálì? Ẹ gbé e sí etí wọn wò, lápá ìsàlẹ̀ tó rọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lo LED o, gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà tín-ín-rín nínú ni kẹ́ ẹ wá, wáyà yẹn kì í tutù lẹ́ẹ̀kan náà, iná ẹ̀ á rọra kú bí ìgbà téèyàn ń mí.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó pe ará àdúgbò wá wò ó, iná tó ń ṣẹ́jú lè mú kí gìrì gbé ẹlòmíì tó ní wárápá. Ẹ má sì tọ́jú ìlù àyà ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́ orúkọ ẹ̀, àṣírí ara èèyàn ni. Obìnrin kan wà, Heather Dewey-Hagborg, ṣingọ́ọ̀mù àti ìdí sìgá táwọn èèyàn jù sílẹ̀ ní New York ló ń ṣà, ó yọ DNA inú ẹ̀, ó fi ṣe ère ojú àwọn tí ò mọ̀ rí. Àtìgbà tí mo ti kà nípa ẹ̀ lara mi ò ti lélẹ̀ mọ́.

Wáyà Àkúrẹ́:
Ẹ ṣé gan-an ni! Làálì ni o, wọ́n lé e níbi ìgbéyàwó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé e sí etí wọn, kíá ló mú un, ti màmá rọra ń lọ, ìgbà 66 ní ìṣẹ́jú kan, tèmi ń sáré lórí 84. Wọn ò sọ̀rọ̀ rárá, wọ́n kàn ń wo gílóòbù yẹn ṣáá, ìgbà tí NEPA mú iná lọ ni wọ́n ní kí n lọ tan jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n lọ pe ìyá àgbà wá.