Olóòtú àwòrán tó gbéṣẹ́ fún mi ti kúrò níṣẹ́, owó ò sì tíì wọlé: kí ni ṣíṣe?

AyàwòránAdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì fáwọn ilé-iṣẹ́ géèmù orí tábìlì ló gbé mi dé. Adó-Èkìtì ni mo wà, Amẹ́ríkà ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Àwòrán mẹ́fà la ṣàdéhùn lé lórí fún ìwé RPG kan (géèmù tí àwọn òṣèré ti ń kó ipa ẹ̀dá inú ìtàn), ìdajì ojú ewé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ti parí, wọ́n sì ti fi ímeèlì sọ pé àwọn gbà á. Méjì ṣì wà ní pẹ́ńsù, ìyẹn àwòrán àkọ́fà tí kò tíì parí. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ìwé bá jáde ni àdéhùn ní kí owó wọlé. Wọ́n ti wá dín òṣìṣẹ́ kù báyìí, olóòtú àwòrán tí mò ń bá sọ̀rọ̀ wà lára àwọn tó lọ, ímeèlì tí mo bá fi ránṣẹ́ sí i ń padà wá ni.

Ta ni kí n kọ̀wé sí? Ṣé kí n parí méjì tó kù? Ṣé mo lè ta àwọn àwòrán náà fẹ́lòmíràn?

Ó tún ku ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ mìíràn fi iṣẹ́ ìwé kíkọ lọ̀ mí: 8,000 ọ̀rọ̀, sẹ́ǹtì mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀tọ́ di tiwọn. Wọ́n ní kí n kún fọ́ọ̀mù W-8BEN (fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà fún àjòjì), ẹnì kan sì sọ fún mi pé ìjọba Amẹ́ríkà máa yọ ìdá 30 nínú 100 owó náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

BàbáÀdéhùn_Ìkẹ́rẹ́

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Dáwọ́ dúró lórí méjì tó kù títí ẹnì kan nílé-iṣẹ́ náà á fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ṣì fẹ́ ẹ. Àmọ́ má kàn dákẹ́. Bí gbèdéke bá kọjá tí o ò sọ nǹkan kan, wọ́n lè ní ìwọ lo da àdéhùn. Kọ ọ́ sí wọn pé o ti ṣe tán, àṣẹ wọn lò ń dúró dè.

Ibi tí lẹ́tà yẹ kó lọ wà nínú àdéhùn fúnra rẹ̀. Wo apá ìparí, níbi tí wọ́n kọ "Notices" sí. Àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ ni àdéhùn yín mọ̀, òun ni kó o kọ́kọ́ lò, kó o sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń sanwó. Ẹni tí wọ́n dá dúró yẹn, o lè wá a kàn lórí LinkedIn, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni kó o bi í: ta ló gba fáìlì iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀? Má bi í ní ọ̀rọ̀ owó. Kò láṣẹ lórí ẹ̀ mọ́, ó sì ṣeé ṣe kó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ níta. Àánú tiẹ̀ náà ṣeni.

Ohun tó máa wà nínú lẹ́tà: ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí àdéhùn àti nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọjọ́ tó o fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ibi tí méjì yòókù dé, àti invoice (ìwé ìbéèrè owó) fún mẹ́rin tó parí. Fi invoice yẹn ránṣẹ́ lónìí bí gbèdéke owó ò tilẹ̀ tíì pé, kí orúkọ rẹ lè wà nínú ìwé gbèsè wọn. Kó o wá bi wọ́n tààrà: ṣé ìwé náà ṣì ń jáde, oṣù wo? Fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti fèsì.

Ibi tí àdéhùn rẹ ti ṣàìsàn ni "lẹ́yìn tí ìwé bá jáde" yẹn. Ìwé tí wọ́n bá pa tì ò ní jáde láé, gbèdéke owó rẹ náà ò sì ní pé láé. Nítorí náà, wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa fífagi lé iṣẹ́. "Kill fee" là ń pe owó yẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ ni ìdá 25 nínú 100 bí iṣẹ́ bá wà ní pẹ́ńsù, ìdá 50 bó bá ti kọjá ibẹ̀, gbogbo owó bí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ náà tán. Bí kò bá sí nínú àdéhùn rẹ, bèèrè fún un bẹ́ẹ̀ náà.

Ní ti títà á fẹ́lòmíràn, gbólóhùn kan ló máa pinnu ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ẹ̀tọ́ á di tiwọn "upon full payment", tìrẹ ni iṣẹ́ náà títí owó á fi pé. Bó bá jẹ́ "work made for hire" (iṣẹ́ tí wọ́n háyà èèyàn ṣe) ni, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Amẹ́ríkà ti 1976 ka ilé-iṣẹ́ sí oní-nǹkan látìbẹ̀rẹ̀, bí àdéhùn bá wà ní kíkọ, tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i, tí iṣẹ́ náà sì bọ́ sí ọ̀kan lára ìsọ̀rí mẹ́sàn-án tí òfin náà kà. Nígbà náà, má tà á. Lẹ́tà tó dá ẹ̀tọ́ padà fún ọ ni kó o gbà lọ́wọ́ wọn kọ́kọ́.

OlójàGéèmù_Ìjẹ̀rò

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí ọ̀rọ̀ kún un, kẹ́ ẹ lè máa dá ilé-iṣẹ́ tó ń mì mọ̀ kó tó wó. Kì í ṣe àìtà géèmù ló ń lé òṣìṣẹ́ nígbà gbogbo. Ní December 2023, Hasbro, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré tó ni Wizards of the Coast (àwọn tó ń ṣe Dungeons & Dragons), kéde pé àwọn máa dín nǹkan bí 1,100 òṣìṣẹ́ kù, lẹ́yìn nǹkan bí 800 tó ti lọ lọ́dún kan náà. Ọjà ohun ìṣeré ló lọ sílẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù tó ń tà náà fara gbá a.

Tàwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké yàtọ̀. Ṣáínà lọ̀pọ̀ wọn ti ń tẹ géèmù. Ní April 2025, owó orí ẹrù tó ń ti Ṣáínà wọ Amẹ́ríkà fò dé 145%, kó tó wálẹ̀ sí 30% ní May. Ẹni tó kó ẹrù wọlé ló ń san án ní èbúté, kó tó ta ẹyọ kan. Nígbà tó wà ní 145% yẹn, ẹrù $50,000 ń béèrè $72,500 fún owó orí nìkan! Oṣù April yẹn ni Greater Than Games, tó ń ṣe Spirit Island, dá èyí tó pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Iṣẹ́ tí ò tíì dé ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé sẹ́yìn, torí owó tó máa jẹ ṣì wà níwájú. Àwọn ayàwòrán tó ń retí "lẹ́yìn tí ìwé bá jáde" ló sì máa ń wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́: ọjọ́ ìjáde tó ń sún lẹ́ẹ̀mejì, ìròyìn tó dáwọ́ dúró lórí Kickstarter (ojú-òpó tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn alátìlẹyìn kí géèmù tó jáde), olóòtú tó yí padà láàárín iṣẹ́ kan, ilé-iṣẹ́ tó ń bẹ̀bẹ̀ kẹ́ ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ kíákíá àmọ́ tí kò dáhùn ọ̀rọ̀ invoice. Òfin WARN ti Amẹ́ríkà, tó ní kí ilé-iṣẹ́ tó ní 100 òṣìṣẹ́ sókè fún wọn ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 60 kó tó dá ọ̀pọ̀ wọn dúró, kò kan oníkọ́ńtíráàtì rárá.

Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wá wọ ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà fún ìwọ-gbèsè (bankruptcy), ẹ kún Form 410, "proof of claim", ìwé tẹ́ ẹ fi ń sọ pé wọ́n jẹ yín lówó. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi àdéhùn, invoice àti ímeèlì tí wọ́n fi gba iṣẹ́ mọ́ ọn. Gbèdéke rẹ̀ máa wà nínú ìwé tí ilé ẹjọ́ bá fi ránṣẹ́, ẹni tó bá sì pẹ́ lè pàdánù. Àwọn báńkì tó ní ohun ìdúró lọ́wọ́ ló máa kọ́kọ́ gbowó, torí náà ẹ má retí odindi.

Akọ̀wé_Ìyìn

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ìdá 30. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí ṣiṣẹ́ ni òfin wọn ń wò. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe l'Ádó tí wọ́n san owó ọwọ́ fún, kò yẹ kí wọ́n yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Àmọ́ bí àdéhùn bá fún yín ní ìpín lórí títà, owó ẹ̀tọ́ nìyẹn. Èyí tó bá ti ọjà Amẹ́ríkà wá, ìdá 30 máa kúrò níbẹ̀, nítorí kò sí àdéhùn owó orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà. $100 á di $70. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí àdéhùn sọ owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, kó sọ ìpín lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀ sójú kan, àwọn tó ń sanwó lè yọ ọ́ lára gbogbo rẹ̀.

Lórí W-8BEN, orúkọ yín ní ìlà 1 gbọ́dọ̀ bá ti báńkì mu léta sí léta. Ìlà 3 ń fẹ́ àdírẹ́sì ilé, kì í ṣe P.M.B.; ẹ kọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé. TIN (nọ́ńbà owó orí) ti Nàìjíríà lọ sí 6a. Ìlà 5 ń fẹ́ nọ́ńbà owó orí ti Amẹ́ríkà, bẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ fi í sílẹ̀. Ìlà 8 ni ọjọ́ ìbí, oṣù ló ń ṣíwájú ọjọ́ níbẹ̀! Ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù àwọn èèyàn wa ti sábà ń padà wá. Ẹ má kọ nǹkan kan sí Part II, ti àdéhùn owó orí láàárín orílẹ̀-èdè ni. Fọ́ọ̀mù yìí á ṣiṣẹ́ títí di òpin ọdún kẹta lẹ́yìn èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ sí i.

Bó bá jẹ́ àkáǹtì dọ́là ní báńkì lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ "OUR" sórí invoice kí ẹni tó ń sanwó ru owó báńkì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, báńkì àárín á gé tiẹ̀ kó tó dé Nàìjíríà. Owó orí ti ilé ò yọni sílẹ̀ o: ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì la máa ń san tiwa fún. Láti January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kan tí wọ́n ń ṣírò owó orí lé lórí ò ní owó orí.

Òǹkọ̀wé_Ọ̀yẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Sẹ́ǹtì mẹ́fà lọ́nà 8,000 jẹ́ $480. Bẹ́ ẹ bá ń kọ 250 ọ̀rọ̀ tó ti dán ní wákàtí kan, wákàtí 32 nìyẹn, $15 ní wákàtí. Bí àtúnṣe bá gba ogún wákàtí sí i, ó ti já sí nǹkan bí $9. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wà nínú owó yìí.

Gbólóhùn tó ń jẹ owó èèyàn jù nínú irú àdéhùn yìí ni iye ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n máa sanwó lé. Bó bá jẹ́ iye tó bá jáde nínú ìwé, tí olóòtú gé e kù sí 6,000, $360 ni wọ́n máa san. Ẹ ní kí wọ́n kọ "as commissioned", ìyẹn iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ. Ẹ tún bèèrè bóyá stat block (àpótí tó ní nọ́ńbà agbára ẹ̀dá inú géèmù) wà nínú rẹ̀. Stat block ẹ̀dá kan lè má ju 200 ọ̀rọ̀ lọ, àmọ́ ìṣírò rẹ̀ àti ìdánwò lórí tábìlì máa ń gba àsìkò tó lè kọ ojú ewé odindi. Èmi á ní kí wọ́n san ti stat block lẹ́yọ-lẹ́yọ.

Owó náà: ìdá 25 nígbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i, 25 nígbà tí wọ́n bá gba ìlànà iṣẹ́, 50 ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gba iṣẹ́. Ẹ má gbà á kó so mọ́ ìjáde ìwé. Ẹ wo aago pẹ̀lú: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Friday ní Seattle, aago kan òru Saturday ló jẹ́ níbí, aago méjì lásìkò òtútù wọn. Ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọ̀sán Friday tiwa, nígbà tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì lè gbọ́ràn.

AyàwòránAdó

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á san yín lẹ́san. Mo ti rí ibi "Notices" yẹn. "Upon full payment" ni àdéhùn mi sọ. Tí wọ́n bá wá fagi lé ìwé náà, ṣé mo lè lo àwọn àwòrán mẹ́rin náà nínú ìwé tèmi?

BàbáÀdéhùn_Ìkẹ́rẹ́

O lè lò ó, bí wọn ò bá sanwó, tí o sì ti fi lẹ́tà sọ fún wọn pé ẹ̀tọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí àwòrán náà bá gbé ẹ̀dá, àmì tàbí orúkọ tó jẹ́ ti ayé géèmù wọn, o gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ tàbí kó o yí i padà. Àwòrán ọwọ́ rẹ ni tìrẹ, ẹ̀dá tí wọ́n dá sílẹ̀ kì í ṣe tìrẹ. Fún òfin eré, lo SRD 5.1 (ìwé òfin Dungeons & Dragons) tí Wizards fi sábẹ́ CC BY 4.0 ní January 2023, ìyẹn àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó bó bá dárúkọ oní-nǹkan. Kọ gbólóhùn ìdánimọ̀ tí wọ́n là kalẹ̀ sínú ìwé rẹ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Bó o bá sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́, fáìlì tó ní léyà (ìpele àwòrán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) ni kó o tọ́jú, 300 dpi (ìwọ̀n àmì inú ínṣì kan), pẹ̀lú mílímítà mẹ́ta àlékún létí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Fáìlì kékeré tó o fi sínú ímeèlì ò ní tó fún ìtẹ̀wé.