Ọmọ ọdún 4 tí ọ̀rọ̀ kò tíì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ilé ìwé sì wà ní títì (ìgbà Kòrónà, ọdún 2020): níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìsánlú

Òkun o, gbogbo ilé. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 4. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò ju 6 lọ. Bí a bá pè é, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wojú ẹni. Láti oṣù kẹta ọdún 2020 tí wọ́n ti ti ilé ìwé pa nítorí Kòrónà, ara kò rọ èmi, kò rọ òun. Ẹkún láti àárọ̀, kò fẹ́ wọṣọ, ó ń já ìbòmú dànù. Ẹ̀kọ́ orí WhatsApp kò yé e, fóònù ló kàn ń tẹ̀. Àwọn ẹbí ní kí n jẹ́ kí wọ́n gé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀, kí n sì yéé sọ Yàgbà, èdè ìlú wa, sí i, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí n máa sọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Tíṣà Ìyàrá

Òkun o, ìyá. Ẹ fi WhatsApp sílẹ̀ ná. Ètò ọjọ́ rẹ̀ ló sọnù. Nílé ìwé, ó mọ ohun tó kàn. Nílé, kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ gé páálí Indomie kan gígùn bí apá àgbàlagbà, ẹ lu ihò 4 sí i. Ẹ fi okùn so nǹkan 4 mọ́ ọn: kànrìnkàn kékeré fún ìwẹ̀, ṣíbí fún oúnjẹ, bọ́ọ̀lù aṣọ fún eré, èkísà láti ara aṣọ ibùsùn rẹ̀ fún oorun. Ọmọ mìíràn kò tíì mọ àwòrán, àmọ́ ó mọ ṣíbí. Ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí ojú ọmọ ga dé. Kí ẹ tó ṣe nǹkan, ẹ mú un lọ síbẹ̀, kó fọwọ́ kàn án, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: “Ìwẹ̀.” Tó bá parí, kó fúnra rẹ̀ tú u sínú ike. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́: àwọn kan á so nǹkan 10, àwọn mìíràn á dúró dìgbà tó bá ń sunkún kí wọ́n tó rántí páálí. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́, àní nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Bí ètò bá máa yí padà, ojú rẹ̀ ni kí ẹ ti pààrọ̀ nǹkan náà.

Ní ti ṣòkòtò, ìparí iṣẹ́ náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá a fà á dé ìdí, kí òun fa èyí tó kù dé ìbàdí. Bó bá ṣe é ní ọjọ́ 3 léraléra, ẹ dúró sí itan, lẹ́yìn náà orúnkún. Òun ni yóò máa parí iṣẹ́ náà nígbà gbogbo, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó sú u. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Bí ẹ bá wà níwájú rẹ̀, yóò máa retí ọwọ́ yín.

Ní ti jíjókòó, ìṣẹ́jú 3 tó. Kùùkù àgbàdo gbígbẹ 8, ẹ fi èédú kun 4, kó máa kó dúdú sí abọ́ kan, funfun sí èkejì. Ẹ kó o nílẹ̀ kó tó dìde. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí àpò kajú ṣì wà nílé, ẹ má fi kóró rẹ̀ kọ́ ọmọ ní kíkà: òróró inú èèpo rẹ̀ ń bó awọ ara àti ẹnu. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà náà, imú ni wọ́n ń gbà wọlé.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan ahọ́n yẹn! Okùn abẹ́ ahọ́n lè dí ọmọ lọ́wọ́ láti mu ọmú, tàbí kí ìró “l” má já geere. Kì í ṣe òun ló ń mú kí ọmọ ọdún 4 wà ní ọ̀rọ̀ 6. Ẹ̀jẹ̀ dídà àti àrùn ipá (tetanus) ni abẹ ìdọ̀tí ń fà.

Etí ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Omi lè dúró lẹ́yìn ìlù etí, tí ọmọ á máa gbọ́ ariwo ńlá ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò ní já sí i kedere. Ẹ má pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó lè mọ atẹ́gùn lára. Ẹ dúró sẹ́yìn níbi tí kò ti rí òjìji yín, ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà mìíràn, ẹ rún ọ̀rá bisikíìtì. Bó bá yíjú sí bisikíìtì tí kò yíjú sí orúkọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Bóyá ó yíjú tàbí kò yíjú, kí wọ́n yẹ etí náà wò. UITH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin, ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Bí ara rẹ̀ bá ti pọ́n gan-an (jaundice) nígbà tó wà ní jòjòló, tàbí ibà mú ọrùn rẹ̀ le rí, ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́, torí wọ́n lè ba etí jẹ́.

Ìbòmú: ìtọ́ni tí WHO àti UNICEF gbé jáde ní August 2020 ni pé kí a má fi ipá mú ọmọ ọdún 5 sísàlẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ wọ tiyín bí ẹ bá jáde, ṣùgbọ́n ẹ bọ́ ọ nílé, nítorí ẹnu yín ló ń wò kọ́ ọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà Ìyàmọyè

Ọmọ mi, máa bá a sọ Yàgbà. Yàgbà kọ́ ló dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Bí o bá fi sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì tí kò yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ lójúmọ́ á dín kù ni.

Ohun tó ń wò ni kí o dárúkọ. Bó bá ní “omi”, ìwọ ní “omi tútù”: ẹyọ kan péré lé orí tirẹ̀. Fi ohun tó fẹ́ràn sínú ike tó mọ́ gaara tí kò lè ṣí, gbé e síwájú rẹ̀, kí o dákẹ́, kí o ka 10 nínú ọkàn. Bó bá wò ọ́, bó nàka, bó ké, ṣí i fún un kíá. Má ní “sọ ọ́, sọ ọ́”. Kí o sì kìlọ̀ fáwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí wọ́n á ti gbé e fún un kó tó béèrè.

Ìyá Ìsánlú

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Tíṣà, bó bá ń ya páálí náà ńkọ́?

Tíṣà Ìyàrá

Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí pákó pẹlẹbẹ, ẹ kan ìṣó 4, kí ẹ sì tẹ orí wọn kọdọrọ kó má gún un. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan 2 péré lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: oúnjẹ àti eré.