Ẹ gbà mí lọ́wọ́ Q: mo ń wá ọ̀rọ̀ òyìnbó lẹ́tà márùn-ún tí kò ní U

ỌmọOlóyèmẹkùn:
Ẹ kú ilé o gbogbo ará, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àti bàbá onílé wa ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí la máa ń ta Scrabble, eré tí wọ́n ti ń fi táìlì lẹ́tà to ọ̀rọ̀ òyìnbó lórí bóòdù, tá a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday, ó ti di bárakú. Gbogbo ìgbà tí àpò táìlì bá ti fẹ́ gbẹ ni Q máa bọ́ sí mi lọ́wọ́, U mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì ti wà lórí bóòdù, bó ṣe máa jókòó tì mí nìyẹn títí bàbá á fi tẹ́ tiwọn tán. Wọ́n á yọ póìntì 10 tí Q ní lára tèmi, wọ́n á tún fi 10 yẹn kún tiwọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá póìntì 7 péré ni wọ́n fi nà mí, oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún tí Q wà nínú ẹ̀ àmọ́ tí U ò sí níbẹ̀ rárá. Mo mọ QI, mo mọ QAT, bàbá náà sì mọ̀ wọ́n, wọ́n ti dí gbogbo ojú ibi tí mo lè tẹ́ ẹ sí. Ẹ fi ìtumọ̀ sí i o, torí òfin wọn ni pé ẹni tí ò bá lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ kó kó táìlì ẹ̀ nílẹ̀.

Ṣọ́jàÒkèÀrò:
QUEEN. Ẹ gbé bíà mi wá.

ÌyáÌbejì:
Ṣọ́jà, ẹ ka ohun tí ọmọ yìí kọ kẹ́ ẹ tó dáhùn. Kí ló tẹ̀ lé Q nínú QUEEN?

Ṣọ́jàÒkèÀrò:
Ẹ má bínú mà. BURQA wá ńkọ́?

ÌyáÌbejì:
U ṣì wà ńbẹ̀ sà 😂

TíṣàEkìmọgun:
Mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS ní Scrabble ní Oǹdó níbí. Lákọ̀ọ́kọ́, kò síbi tí wọ́n ti ń bèèrè ìtumọ̀ nínú ìdíje, tí ọ̀rọ̀ bá ti wà nínú Collins, ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ta Scrabble, ó ti wọlé, tí kò bá sí níbẹ̀ tí wọ́n sì pè ọ́ níjà wàá kó o, ìyẹn náà ni. Àmọ́ ilé bàbá lẹ̀ ń gbé, ẹ yáa tẹ̀ lé òfin wọn. Ìkejì, lẹ́tà márùn-ún tó o béèrè yẹn, ó dáa gan-an. Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà tó gba ife ayé Scrabble ní Perth ní Australia lọ́dún 2015, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gbà á, 4-0 ló na Lewis MacKay, ohun tí àwọn oníròyìn sì ń sọ nígbà yẹn ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kì í fi gbogbo ara lé ọ̀rọ̀ gígùn, wọ́n á tẹ́ lẹ́tà márùn-ún, wọ́n á sì tọ́jú lẹ́tà tó dáa sọ́wọ́.

Ó yá, TRANQ: oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, póìntì 14. QAPIK: kọ́bọ̀ àwọn ará Azerbaijan, 100 ẹ̀ ló ń jẹ́ manat kan, 20 nìyẹn. QOPHS: QOPH ni lẹ́tà Hébérù kan, ẹ fi S sí i kó pé márùn-ún, 19. Ẹ sọ fún bàbá pé òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ 145 sí 152 nínú Sáàmù 119 lédè Hébérù, wọn ò ní lè bá Bíbélì jà. QANAT ni mo fẹ́ràn jù: ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ láti ìdí òkè ní Iran, omi á máa fúnra ẹ̀ ṣàn wá sí abúlé láìsí ẹ̀rọ kankan. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2016. Ká ní a ní irú ẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí ni, a ò ní máa ra omi táńkà nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

ÀfáàỌ̀dàRoad:
Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì ẹ ń wá Q kiri, ilé kéú ló wà o 😂 Lárúbáwá ní lẹ́tà kan tá à ń pè láti ẹ̀yìn ọ̀fun, òun ni òyìnbó máa ń fi Q kọ, ìdí nìyẹn tí U ò fi tẹ̀ lé e. QIBLA, kíbúlà wa náà ni, ibi tá a máa ń kọjú sí tá a bá ń kírun. Láti Àkúrẹ́, ìlà-oòrùn ni, ó yà díẹ̀ sí àríwá. 16. NIQAB, ìbòjú àwọn ẹlẹ́hàá tó jẹ́ pé ẹyinjú nìkan lẹ máa rí, 16 náà ni. FAQIR, olùfọkànsìn tó fi ayé sílẹ̀ tó ń tọrọ jẹ, ní Lárúbáwá tálákà ló túmọ̀ sí, 17. Ẹ̀kẹrin ni TALAQ, kí ọkọ kọ ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀, 14, àmọ́ tí ìyàwó bàbá onílé bá jókòó sítòsí ẹ má tẹ́ ẹ o, ẹ fún wa láàyè.

ÌyáÌbejì:
Àfáà, Ọlọ́run máa bù kún yín, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lèyí.

ỌmọOlóyèmẹkùn:
Ẹ ṣé gan-an ni o, mo padà wá ròyìn. Àná ni, wọ́n ti mú iná lọ, fìtílà la fi ń ta á. B kan wà lórí bóòdù, N, I, Q àti A wà lọ́wọ́ mi, ni mo bá tẹ́ NIQAB, ó sì já sí ibi tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 32! Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí n tó lanu màmá ti dáhùn láti kíṣìnnì, "Ìbòjú ẹlẹ́hàá ni, ẹ kọ póìntì fún un." Mo ṣì pàdánù o, póìntì 3, V ló há mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

TíṣàEkìmọgun:
V ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì kankan nínú Collins. Tó bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́ ẹ tètè tẹ́ ẹ kí àpò tó gbẹ.

Ṣọ́jàÒkèÀrò:
VALUE.