Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa tí ìjọba ìlú fẹ́ gbà

Ẹ̀yin ará, mo wá jábọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo gbé síwájú yín, pé ìjọba ìlú tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà fẹ́ gba apá kan ilẹ̀ wa láti fi fẹ ojú títì, tí mo sì béèrè bóyá ó pọn dandan kí a gba iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e. Kò pọn dandan. Àtúnṣe Karùn-ún sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1791, ní owó tó tọ́ ni ìjọba gbọ́dọ̀ san.

Nítorí pé owó ìjọba àpapọ̀ wà nínú iṣẹ́ náà, òfin 1970 lórí bí ìjọba ṣe ń gba ilẹ̀ fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ẹni tó ń díye lé ilẹ̀ rìn yí i ká. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé nìkan ni wọ́n ń kà, wọn kò ka ohun tí gígé náà yóò ṣe sí èyí tó kù, bẹ́ẹ̀ títì tuntun yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ilé, ọkọ̀ kò sì ní rí àyè wọlé mọ́. Agbẹjọ́rò wa fi ìwé olùdíyelé tiwa gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fi àdánù yẹn kún owó náà láìdé ilé ẹjọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a kọ̀ jálẹ̀, ẹ ṣeun, àmọ́ gbígba ilẹ̀ fún ojú títì kò ṣeé bá jà, torí gbogbo ará ìlú ló ń lò ó. Nínú ẹjọ́ Kelo ní 2005, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tilẹ̀ gbà kí ìlú gba ilé onílé nítorí ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé, ìdájọ́ tí mo kà sí ìnira fún onílé. A ti tọwọ́ bọ̀wé, owó sì ti wọlé.